Ẹ̀fọ́ Sísè: Kí Oore Inú Rẹ̀ Má Baà Bá Omi Lọ



Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nínú oko, òtítọ́ sì ni lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ ilé ìdáná wa, a óò rí i pé tẹ̀tẹ̀ ń tẹ́ níbẹ̀ nígbà mìíràn. Àgbẹ̀ yóò gbìn ín, yóò fi ajílẹ̀ sí i, yóò bomi rin ín, yóò sì já a ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn èyí, a óò bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀ jọ̀gbọ̀lọ̀, a óò fún un gbẹ, a óò sì da omi rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ó kù nínú ìkòkò kì í ṣe gbogbo ohun tí a mú ti oko bọ̀ mọ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ohun tí iná àti omi ń ṣe sí ẹ̀fọ́, kí olúkúlùkù lè mọ bí yóò ṣe jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀FỌ́

Ẹ jẹ́ kí a fi tẹ̀tẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá wọn 100 gíráàmù ewé tẹ̀tẹ̀ tútù, omi nìkan lé ní 90 gíráàmù nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tí ó kù ni a ti rí purotéènì tí ń mú ara dàgbà, tí ó tó bí gíráàmù 2. Kálísíọ́ọ̀mù tí ń mú egungun àti eyín le, tí ó lé ní 200 mílígíráàmù. Fítámínì C, tí ó tó bí 40 mílígíráàmù. Àti èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣọkọ, ewédú, ewúro, gbúre àti ùgù náà ní irú àwọn èròjà wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Èròjà pupa rúsúrúsú kan tún wà tí ó fara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀ ewé náà. Ara wa ni ó ń sọ ọ́ di fítámínì A. Ọmọ tí kò bá rí fítámínì yìí tó kì í ríran dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí a kò bá sì tètè wá nǹkan ṣe sí i, ojú rẹ̀ lè fọ́ pátápátá. Ní ti aboyún, ó nílò èròjà irin àti fítámínì tí a ń pè ní fólétì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà gbẹ, kí ọmọ inú rẹ̀ sì lè pé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ kọjá ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń gbé òkèlè mì.

IṢẸ́ INÁ ÀTI OMI

Àwọn èròjà wọ̀nyí kò fara da iná bákan náà. Fítámínì C àti fólétì ni ó rọrùn jù láti sọ nù. Omi gbígbóná a máa fà wọ́n jáde, iná tí ó pẹ́ a sì máa bà wọ́n jẹ́. Ẹni tí ó bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí ó sì da omi rẹ̀ nù, ti da púpọ̀ nínú wọn nù pẹ̀lú omi náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ara ń sọ di fítámínì A kì í bá omi lọ, nítorí kò lè yòrò nínú omi. Àní, ẹ̀fọ́ tí a sè níwọ̀nba a máa jẹ́ kí ó tètè jáde kúrò nínú ewé. Epo ni ó ń gbé e wọ inú ara. Nítorí náà, ọgbọ́n wà nínú ẹ̀fọ́ rírò tí àwọn ìyá wa ń fi epo pupa sè. Epo pupa fúnra rẹ̀ ní irú èròjà kan náà, ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ epo náà lórí iná títí tí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi ṣí, èròjà náà ti bá a lọ.

Ǹjẹ́ kí a máa jẹ ẹ̀fọ́ ní tútù ni? Rárá o. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní ásíìdì kan tí ń di kálísíọ́ọ̀mù mú, tí kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Omi gbígbóná ni ó ń dín ásíìdì yìí kù. Bíbọ̀ wọn kò burú nígbà náà. Àbọ̀jù ni ó burú. Ní ti ewé ẹ̀gẹ́, májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gún un, kí ó sè é dáadáa nínú omi púpọ̀, kí ó sì da omi náà nù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo omi ewé ẹ̀gẹ́ fún ọbẹ̀.

Ẹ wo ewédú. Tòun ti omi tí a fi sè é ni a ń jẹ ẹ́, ohun tí ó bọ́ sínú omi kò sì sọ nù. Káún tí a ń fi sí i kí ó lè tètè rọ̀ ni ó ń ba fítámínì inú rẹ̀ jẹ́. Ìjábẹ̀ nìkan tó fún un.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ Ẹ̀FỌ́ LÁTI OKO DÉ INÚ ÀWO

1. Ẹ já ẹ̀fọ́ ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì kó o sí ibòji. Ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ nínú oòrùn ti ń pàdánù fítámínì C.

2. Bí ẹ bá fọ́n oògùn kòkòrò sí ẹ̀fọ́, ẹ má já a títí iye ọjọ́ tí a kọ sára ìgò oògùn náà yóò fi pé.

3. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán.

4. Ẹ jẹ́ kí omi hó kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ewé tí ó rọ̀. Ẹ̀fọ́ tí a kò ní láti bọ̀, bí ùgù, kí ẹ fi omi díẹ̀ sè é, kí ẹ sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú omi náà.

5. Ẹ gbo ewúro níwọ̀nba. Ẹ jẹ́ kí ìkorò díẹ̀ ṣẹ́ kù sí i lára.

6. Kí ata, epo, irú àti ẹja ti jinná nínú ìkòkò kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ẹ̀fọ́ ni kí ó wọlé kẹ́yìn.

7. Ẹ se èyí tí ẹ lè jẹ tán lọ́jọ́ kan. Gbígbóná léraléra ń pa fítámínì.

8. Ẹ jẹ ọsàn tàbí gúáfà lẹ́yìn oúnjẹ. Fítámínì C inú wọn yóò ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀fọ́.

9. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀fọ́ de ìgbà ẹ̀rùn, ẹ sá a sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe sínú oòrùn gangan.

Ẹ MÁ KÓ GBOGBO RẸ̀ LỌ SỌ́JÀ

Ó dára kí àgbẹ̀ ta ẹ̀fọ́, kí ó sì rí owó rẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n kò dára kí ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́jà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa fi omi ata lásán jẹ ẹ̀bà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó máa jẹ tó 400 gíráàmù ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́, láìka iṣu àti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ẹ ya ebè mélòó kan sọ́tọ̀ nítòsí ilé fún ìkòkò ọbẹ̀ yín. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni tẹ̀tẹ̀ fi ń tó fà tu. Ẹni tí ó bá ń gbìn ín ní ìpele-ìpele kò ní wá a tì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Kí ni ó ń bá omi lọ nígbà tí a bá bọ ẹ̀fọ́, kí ni kì í sì í bá a lọ?

2. Èéṣe tí epo pupa fi yẹ ẹ̀fọ́, èéṣe tí kò sì fi yẹ kí a yọ́ ọ jù?

3. Omi ewé wo ni a kò gbọdọ̀ lò láéláé?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí àwọn ará ilé, ní pàtàkì àwọn tí ń dáná. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Inú oko yín gan-an ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń hù.