Àkáǹtì Iṣẹ́ Yín Kò Gbọdọ̀ Wà Lórí Fóònù Ẹlòmíràn

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi wá sí Ìbìní. Iléeṣẹ́ kan nínú GRA, lẹ́bàá Ihama Road, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka ìṣírò owó ni mo sì wà. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti kó iṣẹ́ wa sórí kọ̀ǹpútà: ibẹ̀ la ti ń gba ìsinmi, ibẹ̀ la ti ń wo ìwé owó oṣù, ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fáúṣà kí wọ́n tó sanwó. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú forúkọ sílẹ̀, àgùnbánirọ̀ kan tó wà lọ́dọ̀ wa ló bá àwa àgbà márùn-ún ṣe é. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló fi sí i, òun náà ló ṣí ímeèlì tó lò. Ó ti parí ìsinrú ìlú, ó ti padà sílé. Bí mo bá fẹ́ wọlé báyìí, kọ̀ǹpútà á ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni kóòdù sì ń lọ. Nígbà mìíràn á gbé ìpè mi, nígbà mìíràn kò ní gbé e. Ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ló ń yá mi ní àkáǹtì tirẹ̀ láti fi fọwọ́ sí fáúṣà. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọ̀gá. Ṣé kí n kúkú ṣí àkáǹtì mìíràn ni?
Ìyá Ìbejì, GRA, Ìbìní.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ẹ tó ka ìyókù ìdáhùn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi àkáǹtì ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ sí fáúṣà kankan mọ́, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Mo mọ̀ pé àánú yín ló ṣe é. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ ibi tí wọ́n kọ “Approve” sí. Kọ̀ǹpútà á kọ orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì sílẹ̀, á kọ ọjọ́ àti wákàtí mọ́ ọn, títí dórí ìṣẹ́jú. Kò mọ ẹni tó jókòó sórí àga. Bí wọ́n bá rí owó kan tí kò bára mu lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ ọlọ́mọ ni wọn yóò pè, kò sì sí ohun tí yóò fi hàn pé kì í ṣe òun. Ó dà bí ẹni tó buwọ́ lu sọ̀wédowó láìkọ iye owó sí i, tó wá gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó bá wá jẹ́ pé òun gan-an ló ń kọ fáúṣà tí ẹ̀yin ń yẹ̀ wò, á jẹ́ pé lójú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan náà ló kọ ọ́, òun náà ló sì fọwọ́ sí i. Nítorí kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe fi yín síbẹ̀.

Èyí tí ẹ ti ṣe kọjá ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ̀yin àti ọmọbìnrin náà jókòó, kí ẹ mú nọ́ńbà fáúṣà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi àkáǹtì rẹ̀ fọwọ́ sí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì mú un lọ bá ọ̀gá yín. Èyí ló nira jù nínú gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ ṣe, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí olùṣàyẹ̀wò ìwé owó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ràn yín lọ́wọ́ ti ibi àánú kó sí ìyọnu.

Ní ti àkáǹtì mìíràn, rárá o. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ yín ti wà lórí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ ní gbà fún yín, wọ́n á ní ẹnìkan ti fi nọ́ńbà náà forúkọ sílẹ̀. Èyí tó bá sì gbà, á sọ yín di òṣìṣẹ́ méjì: ìsinmi àti owó oṣù yín á wà lórí ọ̀kan, fáúṣà á wà lórí ìkejì.

Ọ̀nà tó tọ́ kò jìn. Nínú iléeṣẹ́ yín, ẹnìkan wà tó ń bójú tó àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́, bóyá lọ́dọ̀ àwọn IT, bóyá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Onítọ̀hún lè yọ nọ́ńbà àti ímeèlì àgùnbánirọ̀ yẹn kúrò, kí ó fi tiyín sí i, láìsí pé kóòdù kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ iṣẹ́ yín dání, pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú tó sọ pé nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì yín kì í ṣe tiyín, kí ẹ sì kọ èyí tó jẹ́ tiyín sí i. Síìmù tó wà lórúkọ yín gan-an ni kí ẹ lò. Ẹ má lo ti ọmọ, ẹ má lo ti ọkọ.

Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ kò tọrọ oore. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún yín ní àṣẹ láti ní kí ẹni tó ní àkọsílẹ̀ nípa yín lọ́wọ́ tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, náà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ dá gbogbo kóòdù àti àṣẹ ìwọlé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún agbanisíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bínú sí àgùnbánirọ̀ náà. Ó fẹ́ ṣe yín lóore ni. Àmọ́ bí ó bá pa síìmù yẹn tì, iléeṣẹ́ fóònù lè gbà á padà kí wọ́n tà á fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, kóòdù yín á sì máa lọ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń tún àkáǹtì yín ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìka yín ni kó tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ tẹ àwòrán ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń kọ, torí fóònù a máa sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá fúnra rẹ̀, a sì máa fi àlàfo sí ìparí láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀. Orúkọ tí wọ́n bá fi S lásán kọ sínú ìwé iṣẹ́, ẹ má fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni S àti Ṣ. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró, nítorí bí ẹ bá ń gbìyànjú ṣáá, á ti àkáǹtì náà pa. Bí wọ́n bá fún yín ní irú kóòdù tó ń yí padà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lórí fóònù, ẹ rí i pé aago fóònù yín tọ̀nà, torí aago ni wọ́n fi ń ṣírò kóòdù náà. Èyí tó bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan yẹ̀, kóòdù rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Kò sì sí òṣìṣẹ́ IT gidi tó máa pè yín pé kí ẹ ka kóòdù fún òun.

Ẹ ní ojú ń tì yín. Ìyá Ìbejì, nínú ìlú tí ẹ wà yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó, lábẹ́ Gómìnà Godwin Obaseki, ti gbé fáìlì oníwèé tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí iṣẹ́ ìjọba bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fi ọjọ́ ayé wọn kọ fáìlì ni wọ́n kó jókòó láti kọ́ ọ, nílé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sọrí John Odigie-Oyegun, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí. Ìjọba àpapọ̀ náà fi ìparí ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún àwọn iléeṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni àgbà àkọ́kọ́ tó máa béèrè bí wọ́n ṣe ń wọlé, àwọn tó ń bójú tó àkáǹtì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́rin yòókù tí ọmọ náà forúkọ wọn sílẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lórí tiwọn náà. Ẹ kó ara yín lọ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kálukú pẹ̀lú fóònù àti káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì lọ kó tó di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó oṣù, torí ọwọ́ wọn máa ń dí nígbà náà.