Àbíkẹ́yìn Ni Kó Máa Ṣíwájú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Ìyàwó rẹ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní ẹ ti ra ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn sí, tó ní ibi ìdáná nínú, pé bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ẹ ó so kẹ̀kẹ́ márùn-ún mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ ó kó àwọn ọmọ, ó di Scotland, ẹ ó lọ máa gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Rárá o. Ọkọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Volkswagen tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà ní Britain níbí, tí wọ́n ń ta aṣọ fèrèsé sí, tí wọ́n ń pè ní campervan, ẹ̀yà rẹ̀ náà la fi ń ṣe danfo l'Ékòó nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Láti ọdún 1950 ni àwọn ará Jámánì ti ń ṣe é bọ̀. Ní Brazil, ó di 2013 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Èmi tí mo máa ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo lé mi lórí pé kí n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì, bí ẹnìkan bá sọ fún mi nígbà náà pé màá tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ǹ bá ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni èmi àti màmá yín fi kó àwọn ọmọ wa káàkiri báyẹn láti Leeds. Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò lè sọ fún ìyàwó rẹ lórí fóònù fún ọ, nítorí ẹ̀bi tèmi ló wà nínú rẹ̀.

Igbó kan wà ní Wales, lẹ́bàá ìlú Dolgellau, Coed y Brenin ni wọ́n ń pè é. Igbó Ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ọ̀nà tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ orí òkè nìkan ní Britain, ní àwọn ọdún 1990 sókè. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: àwọ̀ ewé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, búlúù fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ ọn, pupa fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa, dúdú fún àwọn tó ń wá wàhálà. (Èmi kọ́ ni mo ní kí dúdú jẹ́ èyí tó le jù, ẹ má bi mí.) Àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Mo ti wakọ̀ láti ìdájí, mo ti náwó epo, mo wá ń sọ lọ́kàn mi pé n kò lè dé Igbó Ọba tán kí n máa yí po lórí ọ̀nà àwọn ọmọ jòjòló. La bá gba pupa. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń dùn ṣìnkìn. Àbíkẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ níbi òkúta àkọ́kọ́, ó ní òun kò lè ṣe é. Mo dá a lóhùn pé ọmọ Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ìlú wa, kì í sá fún òkè. Ojú tì í, ó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fún bíréèkì iwájú mọ́wọ́ pinpin, ó sì takìtì kọjá iwájú kẹ̀kẹ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ìyẹn san láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ló fi wà tí kò fẹsẹ̀ kan kẹ̀kẹ́ mọ́. Màmá yín kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Leeds. Bí o bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe kéré tó, jẹ́ kí ìyàwó máa bínú sí ọ nínú ilé tí kò ní yàrá kejì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irọ́ ni mo pa fún ọmọ náà. Ìwọ kò bá bàbá àgbà rẹ láyé. Ó ní Raleigh dúdú kan tó fi ń gbé kòkó bọ̀ láti oko. O mọ Ẹ̀fọ̀n Alààyè, òkè ló yí i ká. N kò rí i lọ́jọ́ kan kí bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ yẹn gòkè. Títì ló ń tì í. Bó bá sì dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, á sọ̀ kalẹ̀, á di ìjókòó rẹ̀ mú, á máa fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òun àti àpò kòkó. Kò sẹ́ni tó pè é ní ojo.

Nítorí náà, àbíkẹ́yìn yín ni kẹ́ ẹ fi síwájú, kí ìwọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ṣe yá sí ni kẹ́ ẹ yá sí. Ibi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó o máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ bíi pé ó wù ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tirẹ̀ ni àwọ̀ gbogbo yín. Bí ọ̀nà pupa bá ń wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì bá a lọ láàárọ̀, kí ẹnìkejì dúró ti kékeré. Lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí Glentress, lẹ́bàá Peebles, nítorí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀. Ó wà lára àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní 7stanes ní gúúsù Scotland. Stane ni wọ́n ń pe òkúta, òkúta gbígbẹ́ kan sì wà ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kẹ̀kẹ́ ti sú lè fẹ́ wá òkúta. Àwọn kan jìnnà fún ẹsẹ̀ kékeré, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣèlérí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé rárá, wo ìka ọmọ náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tó bíréèkì náà. Ìdè kékeré kan wà lára ọwọ́ bíréèkì. Máa yí i títí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀ láìnà. Ìka kan, bíréèkì méjèèjì, díẹ̀díẹ̀. Ká ní mo ti ṣe èyí ni, Igbó Ọba ì bá má bà wá nínú jẹ́. Àwọn ará Marin ní California tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí, àwọn Gary Fisher àti Joe Breeze, kẹ̀kẹ́ àlòkù ni wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ìdíje wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, Repack ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé bíréèkì ẹ̀yìn máa ń gbóná débi tí gbogbo girísì inú rẹ̀ á jó dànù, wọ́n á sì tún un dì bí wọ́n bá délẹ̀. Bíréèkì òde òní dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kọ́ ọmọ náà kó máa fún un, kó máa tú u. Kó dìde dúró lórí pẹ́dàlì, kí pẹ́dàlì méjèèjì dọ́gba, kó tẹ orúnkún, kó máa wo iwájú. Bó bá tẹjú mọ́ òkúta, òkúta náà ló máa gùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kù. Èmi ti gba ìwé ìwakọ̀ tèmi níbí ṣáájú 1997, wọ́n fún mi láyè dé 7,500 kílò. Tìrẹ, 3,500 ló mọ, ọkọ̀ náà sì ní iye tirẹ̀ tí wọ́n kọ sí i lára, ó lè kéré sí ìyẹn. Omi, gáàsì, kẹ̀kẹ́, gàrí, àti ikùn rẹ tí mo rí níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́sí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n pọ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni: bí táńkì yín bá gba lítà 70, kílò 70 lẹ ti gbé kí ọmọ kankan tó wọlé. Wo ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú, kí kẹ̀kẹ́ má bo nọ́ńbà àti iná. L'Ékòó, kọ̀ńdọ́ á ní kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀; níbí, títí ọmọ yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ìjókòó ọmọdé ló yẹ ẹ́. Má ṣe gbé ìjókòó náà lé bẹ́ǹṣì tó kọ ẹ̀gbẹ́ sọ́nà.

Ọ̀kan wà tí n kò ní fi ṣeré. Bí òjò bá ń rọ̀, tí òtútù mú, ẹ má gbé ààrò èédú wọ inú ọkọ̀, ì báà ti kú lójú yín. Ẹ mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe fún ìdílé tó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru ní ilé wa. Carbon monoxide inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ ra aago kékeré tó ń ké bó bá gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Oúnjẹ kò le. N kò tíì rí oúnjẹ arìnrìnàjò kankan nínú ṣọ́ọ̀bù òyìnbó tó rọrùn tó gàrí: omi gbígbóná, ó di ẹ̀bà; omi tútù àti ẹ̀pà, ó di ìpápánu. Ẹ se ọbẹ̀ nílé kẹ́ ẹ jẹ́ kó dì gbagidi. Ẹ má fi irú sí i. Mo ti ta ọkọ̀ tèmi tipẹ́, ẹni tó rà á ṣì ń bi mí pé kí ló ń rùn.

Ẹ má sì rò pé ibi tó bá wù yín lẹ lè sùn. Òfin tí wọ́n ṣe ní Scotland ní 2003 fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba orí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kọjá bí wọn kò bá ba nǹkan jẹ́. Kò dárúkọ ọkọ̀ yín mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n gbà kí ọkọ̀ sùn ni kẹ́ ẹ sanwó sí. Ní England àti Wales, ọ̀nà ẹṣin ni kẹ̀kẹ́ ń gbà láti ọdún 1968, kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn tàbí tó wà lórí ẹṣin ló sì ni ọ̀nà, ẹ yà fún un, ẹ kí i.

Bẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Glentress, ẹ sọ̀ sí igbó Galloway, níbi tí Kirroughtree, òmíràn nínú àwọn 7stanes, wà. Ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ níbẹ̀, kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní midges á jẹ yín débi tẹ́ ẹ fi máa fẹ́ padà sílé, ẹ tìlẹ̀kùn. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò fún eégbọn kí wọ́n tó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí midges lọ, ẹ kó wọn jáde. Láti 2009 ni wọ́n ti ń tọ́jú òkùnkùn igbó yẹn, kí iná má bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò tíì rí òkùnkùn gidi rí títí di alẹ́ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Mo pa àlọ́ ìjàpá fún wọn, wọ́n ń gbe orin rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ń gbè é pẹ̀lú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó tún tẹ̀ lé wa lẹ́yìn Wales. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ ọ̀nà búlúù. N kò fèsì, mo kàn lọ fẹ́ táyà.

Kẹ̀kẹ́ tí àbíkẹ́yìn mi lò ní Igbó Ọba wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì mi, àgbá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà. Mo ti fi òróró sí i. Ẹ wá ní Sátidé kẹ́ ẹ wá mú un, ṣùgbọ́n ẹ mú àbíkẹ́yìn yín dání, ká gbé e lé e, ká wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀.