Ẹ̀jẹ̀ Tó Gba Ẹ̀bùrú: Àrùn Ẹ̀dọ̀ Lára Ajá Kékeré

Oníbodè ni ẹ̀dọ̀ jẹ́ nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti inú ìfun gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kí ẹ̀dọ̀ lè mú oró inú rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n a máa ń bí àwọn ajá kan pẹ̀lú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà yẹ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀bùrú ni a ó máa pe iṣan yìí nínú ẹ̀kọ́ wa. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá kékeré bí Yorkshire Terrier, Maltese àti Cairn Terrier.

Báwo ni a ṣe ń fura sí i? Ọmọ ajá náà lè má dàgbà tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹun tán, ó lè máa pòòyì, kí ó máa fi orí ti ògiri, tàbí kí gìrì mú un, nítorí pé amóníà tí ẹ̀dọ̀ ìbá ti mú kúrò ti dé ọpọlọ. Òkúta sì lè wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ nìyí. Ajá kò ní jẹun fún nǹkan bíi wákàtí 12. Dókítà ẹranko á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á fún un ní oúnjẹ díẹ̀, á sì tún fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2. Ásíìdì inú òróòro ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa a máa kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gba ẹ̀bùrú, iye rẹ̀ á ga.

Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Iye tó ga kò sọ pé ẹ̀bùrú wà dandan. Ó lè jẹ́ pé àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀ ni kò pé dáadáa. Ọ̀pọ̀ ajá bẹ́ẹ̀ ń gbé ayé wọn láìṣàìsàn, iṣẹ́ abẹ kò sì wúlò fún wọn. Ti Maltese a tilẹ̀ máa ga lára ajá tí kò ní àrùn kankan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a pa ọmọ ajá nítorí ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Àwòrán inú ikùn ni yóò fi ẹ̀bùrú hàn.

Bí ó bá wà, oníṣẹ́ abẹ lè fi òrùka kan yí iṣan náà ká, tí yóò máa fún un pa díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ lè gba ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ra. Oúnjẹ pàtàkì àti oògùn sì wà fún èyí tí a kò bá lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn: àrùn yìí ń tinú ìdílé wá. Òbí tí àyẹ̀wò tirẹ̀ dára lè bí ọmọ tó ní in. Ẹ yẹ gbogbo ọmọ wò kí ẹ tó tà wọ́n, ẹ má sì fi ajá tó ní in bímọ.