Kí O Tó Pa Ohun Tí O Kọ Rẹ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi látìgbà ìnáwó Màmá. Ṣé o rántí léèsì tí mi ò wọ̀ níjọ́ náà, tí mo ní aránṣọ kò tíì parí ẹ̀? Ó ti parí ẹ̀. Apá ẹ̀ fún débi pé mi ò lè gbọ́wọ́ sókè. Mo ní kó dá owó mi padà, kò dáhùn. Mo bá kọ ọ́ sí Facebook. Kò tó wákàtí mẹ́ta tó fi pè mí pé òun máa fi ọlọ́pàá gbé mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń bẹ ẹni tó jẹ mí lówó! Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń dùn mí títí dòní, kì í ṣe léèsì.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá mọ̀ pé abala 39 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé kálukú ló ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò tiẹ̀, láti sọ ọ́ jáde, àti láti gbọ́ ti ẹlòmíràn, láìsí ìdíwọ́. Mo ti rò pé àwọn oníròyìn àti olóṣèlú ló wà fún. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lábẹ́ díráyà ní sàlúùnù wà níbẹ̀, èyí tí ẹ̀yin òbí ń kọ sí WhatsApp iléèwé náà wà níbẹ̀. Abala 37 sì dáàbò bo ohun tí èmi pẹ̀lú ẹ ń bá ara wa sọ lórí fóònù lóru.

Mi ò ní tàn ẹ́, ìbẹ̀rù mi nídìí. Lọ́dún 2023, obìnrin oníṣòwò kan l'Ékòó kọ ọ́ sí Facebook pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú tòmátò ilé iṣẹ́ kan tóun rà. Ọlọ́pàá gbé e. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n fi fẹ̀sùn kàn án, èyí tí abala 24 ẹ̀ lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún 3, tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà léni. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ti ní lọ́dún 2022 pé kí wọ́n tún abala yẹn ṣe. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àwòrán ìhòòhò àti ìhàlẹ̀mọ́ni, irọ́ tẹ́ni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi dá rúgúdù sílẹ̀ tàbí kó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, ló ń bá wí báyìí. Ọlọ́pàá ṣì ń fi í mú èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o mọ̀ ọ́n kọ.

Ohun tí ojú ẹ rí ni kí o kọ. "Mo san owó lọ́jọ́ báyìí, aṣọ mi fún, wọn ò dá owó mi padà": ẹ̀rí nìyẹn. "Gbájúẹ̀ ni" yàtọ̀ pátápátá, nítorí o ti ba orúkọ èèyàn jẹ́ nìyẹn, ó sì lè pè ẹ́ lẹ́jọ́. Tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Má fi fọ́tò ọmọ ẹ̀ tàbí àdírẹ́sì ilé ẹ̀ síta, torí òun náà ní abala 37 tiẹ̀. Tínú bá ń bí ẹ, kọ́kọ́ sùn ná kí o tó kọ ọ́.

Tí ọlọ́pàá bá wá pè ẹ́, má dá lọ. Mú lọ́yà dání, má sì kọ nǹkan kan kí lọ́yà tó dé. Àjọ Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n múni nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú Màmá tàbí ọkọ ẹ dípò ẹ. Jọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn, mo ti rí ibi tí wọ́n ti dán an wò.

Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé kí obìnrin máa pa á mọ́ra. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ tí mo pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́, kì í ṣe ọlọ́pàá. Tí ọmọ ẹ obìnrin bá ní iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Mo ti tún ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn kọ. Ìlà mẹ́rin péré ni, rìsíìtì wà lábẹ́ ẹ̀. Jẹ́ kí n kà á fún ẹ kí n tó gbé e síta, kí o bá mi wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ojú mi ló rí i.