Èdè Jámánì Fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Níbẹ̀

Nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí ní Nàìjíríà kò lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Jámánì. Wọ́n á ní kó kọ́ èdè àwọn, ìpele tí wọ́n sì sábà máa ń béèrè ni B2. Ìpele mẹ́fà ló wà: A1, A2, B1, B2, C1 àti C2. Ẹni tó wà ní A1 lè kí èèyàn, ó sì lè ra búrẹ́dì. Ẹni tó dé B2 lè ṣàlàyé fún dókítà bí ara aláìsàn ṣe rí lóru.

Láti ọdún 2005 ni ìjọba Jámánì ti ṣètò ẹ̀kọ́ èdè fún àwọn àjèjì tó wá gbé ibẹ̀. B1 ni ìjọba fẹ́ kí àwọn àjèjì náà dé.

Ohun tó máa ń da àjèjì láàmú jù ni der, die àti das. Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ nínú mẹ́ta yìí. Tábìlì: der Tisch. Ilẹ̀kùn: die Tür. Fèrèsé: das Fenster. Àní ọmọdébìnrin pàápàá, das Mädchen ni. Ẹ má wá ìdí rẹ̀ kiri. Ẹ há ọ̀rọ̀ orúkọ àti der, die tàbí das tirẹ̀ sórí pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nọ́ńbà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún Yorùbá. Bí àwa ṣe ń fi ọ̀kan ṣáájú ogún nínú mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nínú einundzwanzig.

Wọ́n tún ya "ìwọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ̀yin": du àti Sie. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń wò. Ọmọ a máa pe ìyá rẹ̀ ní du, kì í ṣe àfojúdi. Àgbàlagbà á sì pe ọ̀dọ́ tó ń tajà ní Sie, nítorí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ máa lo Sie títí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ á fi ní kẹ́ ẹ máa pe òun ní du.

Lójú tèmi, ẹnu iṣẹ́ gan-an ni èdè yìí ti ń wọni lára. Àmọ́ bí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá rí i pé ẹ ń wá ọ̀rọ̀, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á bọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè lo ọdún púpọ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Berlin láì lè ka lẹ́tà onílé rẹ̀. Ẹ rọra sọ fún wọn pé, "Bitte auf Deutsch": ẹ jọ̀ọ́, èdè Jámánì ni kẹ́ ẹ fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, Goethe-Institut ń kọ́ni lédè yìí ní Èkó, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.