Asárétete Ní Ń Kọjá Ilé: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Tún BIOS Tò

Asárétete ní ń kọjá ilé. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò rí oyè jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń to kọ̀ǹpútà fúnra yín ni mo ń bá wí. Iná ẹ̀rọ kò tíì tàn tán tí ọwọ́ yín ti wà lórí bọ́tìnnì Delete, ẹ ti wọ inú BIOS, ẹ ti yí nǹkan mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ bá wá kọ̀ tí kò tàn, èwo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ máa dì mú?

Ẹ jẹ́ ká fi Ryzen 5 5600X tó wà lórí motherboard B550 ṣe àpẹẹrẹ. Aago ẹ̀rọ ń lù ní 100 MHz. Òǹkà tí wọ́n ń pè ní multiplier ló ń sọ ọ́ di púpọ̀. 100 lọ́nà 44, 4.4 GHz nìyẹn. Láyé ìgbà kan, èrè tó wà nínú fífi kún iyára yìí pọ̀. Celeron 300A tí Intel gbé jáde ní 1998, wọ́n ti multiplier rẹ̀ pa, síbẹ̀ àwọn ènìyàn gbé aago rẹ̀ láti 66 MHz sí 100, 300 MHz sì di 450 lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ti di ìtàn. Lónìí, ilé iṣẹ́ ti fún ọsàn náà tán kó tó dé ọwọ́ yín. 5600X yìí fúnra rẹ̀ a máa sáré dé 4.6 GHz nígbà tí iṣẹ́ kò bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá dè é mọ́ 4.4 lè jèrè díẹ̀ níbi iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ó ti pàdánù níbi ọ̀pọ̀ géèmù. Ẹ fi multiplier sílẹ̀.

RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Èyí tí wọ́n kọ DDR4-3600 sí lára, 2133 tàbí 2400 ló sábà máa ń bá ṣiṣẹ́ títí ẹ óò fi tan XMP, tàbí DOCP bí motherboard yín bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Owó 3600 lẹ san, 2133 lẹ ń lò! Ẹ tàn án, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, kí ẹ sì fi MemTest86 tó ń dán RAM wò sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Precision Boost Overdrive àti Curve Optimizer tó wà nínú rẹ̀. Níbí, iná ni a ń dín kù. Ẹ fi sí Negative, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10. Bí iná bá dín, ooru á dín, processor á sì rí àyè sáré sí i fúnra rẹ̀. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé bí ẹ bá dín iná náà kù jù, ẹ̀rọ lè ṣe ìdánwò Cinebench yege láìmí kanlẹ̀, kó wá kú pii nígbà tí ẹ kàn ń ka ìwé ìròyìn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń tú u fó. Torí náà, ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì máa wo Event Viewer inú Windows bóyá àṣìṣe WHEA wà níbẹ̀, kí ẹ tó lọ sí 15.

Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé iná ni òun máa fi kún, kó rántí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹ bá ti 1.20 volt lọ sí 1.35 kí 4.2 GHz lè di 4.5, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyára fi lé. Iná tí processor ń jẹ fi nǹkan bí ìdá 36 lé, torí iyára lọ́nà volt lọ́nà volt ló ń bá gòkè. Fáànù kékeré inú páálí rẹ̀ kò lè gbé ìyẹn. AMD fi òpin ooru rẹ̀ sí 95°C. Èmi kì í fẹ́ kó kọjá 85. Àwọn tó ń dán ẹ̀rọ wò lókè òkun, inú yàrá tútù ni wọ́n wà. Ọ̀sán oṣù kẹta n'Íbàdàn ni kí ẹ ti dán tiyín wò, láìtan ẹ̀rọ amúlétutù.

Àwọn kan á ní àwọn kò ní yọ ara àwọn lẹ́nu, Auto làwọn máa fi gbogbo rẹ̀ sí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ní 2023, Ryzen 7000X3D mélòó kan jóná mọ́ orí motherboard, títí AMD fi ní kí àwọn tó ń ṣe motherboard má jẹ́ kí SoC voltage kọjá 1.3 volt. Ní 2024, Intel fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iná tó ga jù wà lára ohun tó ń ba processor ìran 13 àti 14 jẹ́. Ó gbé àtúnṣe jáde lóṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ kò lè jí padà. Ẹ wo òǹkà tí Auto ń lò lójú ara yín.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ yọ bátìrì CR2032 pẹlẹbẹ ara motherboard fún ìṣẹ́jú díẹ̀, BIOS á gbàgbé gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé BIOS tuntun wọlé, orí inverter tàbí UPS ni kí ẹ ti ṣe é, torí bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, motherboard lè kú. Kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán gbogbo ohun tí ẹ ti tò ṣáájú, torí BIOS tuntun sábà máa ń pa á rẹ́.