Ara Ọmọ Tutù Nínú Ooru Tamale

Ìyá Ọmọ ní Tamale, mo ka lẹ́tà yín dé òpin. Ẹ ń bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára ọmọ ní ilé ìwòsàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, bí ìyá ọkọ yín ti wí. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn kan ló kọ́kọ́ bí mi nínú: “Ara rẹ̀ tutù, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, la bá dúpẹ́, a sì sùn.”

Ẹ dúpẹ́ kẹ̀? Nínú oṣù kẹta, ní Tamale, tí páànù ilé ń gbóná bí agbada alákàrà, ara ọmọ ọjọ́ márùn-ún tutù, ẹ wá ń dúpẹ́! Bí kòkòrò àìfojúrí bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ibà ló sábà máa ń dá a. Ọmọ tuntun lè má lágbára àtigbóná. Ṣe ni yóò tutù. Bí ara rẹ̀ kò bá tó 35.5 lórí tẹmómítà, tí kò fa ọmú mọ́, tàbí tó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e, ẹ máa lọ. Kì í ṣe oorun ló ń sùn.

Ta tilẹ̀ ni olóògùn tó ta paracetamol olómi fún yín, tí kò wo ojú ọmọ? Ta ló ní kí ẹ fi òrí ra ìwọ́ rẹ̀? Òrí dára lára, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ìwọ́ tí kò tíì já, ojú ọgbẹ́ ni, kòkòrò sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Kó mọ́, kó gbẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá fún yín ní chlorhexidine, òun nìkan ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà yẹn kò kún ṣíbí tíì. Wọ́n fi í sínú ìgò, wọ́n gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí kòkòrò náà lè pọ̀ tó láti dá mọ̀, kí wọ́n sì mọ abẹ́rẹ́ tó lè pa á. Ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ kí èsì tó dé. Ẹ sọ fún ìyá ọkọ yín bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mo mọ̀ pé mo ń pariwo. Nílé tiwa nígbà kan, ọmọ ọjọ́ mẹ́fà kọ ọmú láàárọ̀. Èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn. A kò gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè.

Ẹ̀yin gbé tiyín débẹ̀. Ẹ bá mi gbá a mọ́ra, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ tí dókítà dá fún yín yẹ̀.